Jíà tó le, iná tí kì í tètè sọ̀: ká tún kọntirólù ọkọ̀ omi àtijọ́ ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Lọ́kọ́jà ni mo wà. Bàbá mi fi ọkọ̀ fáíbà kan sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti pẹ́ gan-an. Sítíá ni a fi ń darí ẹ̀. Bọ́ọ̀sì kọntirólù, ìyẹn àpótí tí ọ̀pá jíà wà lára ẹ̀, wà lápá ọ̀tún, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń ki jíà, òun náà ló ń fún un níná kí ẹ́ńjìnnì lè sáré. Láti bí oṣù méjì ni ọ̀pá yẹn ti le bí òkúta. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń tì í kó tó wọ iwájú, bí mo bá sì dá a padà, iná kì í tètè sọ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká da ọ́ìlì sínú wáyà. Èkejì ní ká yọ bọ́ọ̀sì dànù, kí n lọ jókòó sẹ́yìn máa fi ọwọ́ wà á. Ẹ̀kẹta ní kí n ra gbogbo ẹ̀ ní tuntun. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Má tíì ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti ń po oògùn, wọn ò tíì mọ ibi tó ń dun aláìsàn.

Ṣe èyí lónìí, kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́, ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Wàá rí wáyà méjì tó ti iwájú wá. Ọ̀kan lọ bá apá jíà, ìkejì lọ bá apá iná lọ́dọ̀ kábúrétọ̀. Yọ kílíìpù orí wáyà jíà, kí o sì fà á kúrò lára pín tó gbé e. Padà lọ síwájú, ti ọ̀pá. Bó bá ṣì le, ẹ́ńjìnnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wáyà tàbí bọ́ọ̀sì ló ń ṣe ọ́. Bó bá fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ni kí o máa wá a sí. Ṣe wáyà iná bákan náà.

Bó bá jẹ́ iwájú ni ọ̀rọ̀ wà, tú bọ́ọ̀sì kúrò lára ọkọ̀, yọ orí wáyà tó wà nínú ẹ̀ náà. Wáyà wá dá dúró báyìí, kò so mọ́ ibì kankan. Fi ìka méjì mú irin tó yọ lórí ẹ̀, tì í, fà á. Wáyà tó dára máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ ni. Bó bá ń há, tàbí tó ń dún kẹrẹkẹrẹ lọ́wọ́ rẹ, o ti rí olè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Bí o bá fẹ́ dán apá jíà wò lára ẹ́ńjìnnì tó ti kú, kí ẹnì kan máa yí pọpélà díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń tì í. Inú jíà yẹn, eyín ló ń bọ́ sáàárín eyín. Bí pọpélà bá dúró sójú kan, orí eyín lè kan orí eyín, kò sì ní wọlé láéláé. Mo ti rí ẹni tó fi òòlù gbá a nítorí ó rò pé ìpẹtà ló mú un. Apá jíà kán, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe jíà.

* * *

Àwọn èèyàn ti ń dáhùn láti àná, mo sì ti ka gbogbo ẹ̀. Bí mo bá ṣà á jọ, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí o da nǹkan sínú wáyà. Ẹnì kan ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ní dísù, ẹnì kan láti Kàbà ní òróró ìdáná, pé ohun tóun fi ń tọ́jú wáyà kẹ̀kẹ́ òun nìyẹn.

Mi ò bá wọn lọ. Bí a ti ṣe wáyà ọkọ̀ omi nìyí. Awọ ike dúdú wà lóde. Lábẹ́ ẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò yíká. Inú irin wọ̀nyẹn ni ọ̀pá ike kan wà tó ń yọ̀ fúnra ẹ̀, àárín rẹ̀ ni irin tó ń lọ tó ń bọ̀ wà. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti fi gíríìsì sí i, ó ti dì í pa. Ròbá kékeré kan wà lórí rẹ̀ níhà ẹ́ńjìnnì, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Oòrùn Lọ́kọ́jà yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ló máa ń jẹ ròbá yẹn. Ó á gbẹ, á là, omi á wọlé, irin á dípẹtà, á wú. Irin tó ti wú nínú ihò tó há, ọ́ìlì wo ló máa sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́ padà? Ọ́ìlì ọ̀hún gan-an kì í rìn jìnnà, ìbẹ̀rẹ̀ wáyà ló máa ń dúró sí, táá máa gba iyanrìn mọ́ra. Ọkọ̀ tí à ń fà gun èbúté nígbà tí omi bá fà, iyanrìn ò sì wọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé pé àwọn fi dísù fọ wáyà, ó sì lo ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo sì rí àwọn tó pẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí èyí tó fúyẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó sì há mọ́ iwájú ní Ọjọ́bọ̀, ní àárín odò. Wáyà tó ti ń dípẹtà kì í sọ ọjọ́ tó máa dúró. Bó bá jẹ́ ẹja ni ẹ ń fi ọkọ̀ yín pa, ẹ̀yin nìkan, ẹ lè fi í rìn délé. Ẹni tó ń kó èèyàn kò ní àṣẹ yẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú gbogbo ìdáhùn: "Ra wáyà ọ̀kadà, gé e bó ṣe gùn tó, ó parí." Èèyàn mẹ́rin ló kọ ọ́.

Kò parí. Wáyà ọ̀kadà, fífà nìkan ló mọ̀. Bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì, o fà á, sípíríìǹgì ló ń dá a padà. Wáyà jíà ọkọ̀ omi ń fà, ó sì ń tì. Bí ọ̀pá bá lọ síwájú, ó tì. Bó bá lọ sẹ́yìn, ó fà, tàbí kó jẹ́ òdì kejì. Okùn irin tó rọ̀ kò lè ti nǹkan. Mú okùn aṣọ, kí o gbìyànjú láti fi ti ilẹ̀kùn.

Oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí omi bo títì Gánájà tí mọ́tò ò lè kọjá mọ́, ọkọ̀ ni gbogbo wa ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Mo wọ ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, a tó mọ́kànlá nínú ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó tún kọntirólù ọkọ̀ náà ṣe, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí a ṣe fẹ́ gúnlẹ̀, awakọ̀ dá ọ̀pá padà sí fíríì, àárín tí kì í ṣe iwájú tí kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo rí ọwọ́ ẹ̀, mo rí ọ̀pá tó dúró gbọnrangandan ní àárín. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀. Iwájú ló ṣì wà. Ọmọ náà rò pé òun ò fà á tó, ló bá fà á sẹ́yìn sí i, iná sì bọ́ sí i. Ògiri fẹ́ǹsì kan tí omi ti bò dé ọrùn ni a lọ kọlù. Ìyá kan tó jókòó síwájú, báàfù èlùbọ́ lórí itan, na ọwọ́ láti di ògiri mú, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ kán. Ẹnì kan lẹ́yìn ló fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì ìpaná lára ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo ṣí ìdérí. Wáyà ọ̀kadà ni. Ó ti ká kò bí ìfun adìẹ lábẹ́ apá jíà, wọ́n fi ròbá táyà gé kékeré dè é pé kí ìyẹn máa bá a fà á padà. Ìdè náà ṣì lẹ́wà. Ẹni tó so ó fara balẹ̀ so ó ni.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bá wáyà ọ̀kadà lórí jíà ọkọ̀, mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá jẹ́ kí n yọ ọ́. Oníbàárà méjì ti bá mi jà nítorí ẹ̀. Ìlú tí olú iléeṣẹ́ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, wà ni a wà yìí, ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Kò yẹ ká máa fi okùn so ẹ̀mí èèyàn.

* * *

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Okùn pupa tó ń so mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ jákẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé bó bá já ẹ́ńjìnnì á kú: ọmọ tó wa ọkọ̀ ọjọ́ yẹn ní i, àpò ló wà. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin 2021, òfin sọ pé awakọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 gbọ́dọ̀ so ó mọ́ra bó bá ń sáré lórí omi. Àwa ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òfin lé wa. So ó mọ́wọ́.

* * *

Oníbéèrè padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ wáyà méjèèjì lẹ́yìn bí ẹ ṣe wí. Ti jíà ṣì le. Ti iná, ó le díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń lọ. Mo ti tú bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ṣé kí n ju bọ́ọ̀sì náà dànù? Ẹlòmíràn ní ó ti gbó."

Má jù ú. Bọ́ọ̀sì ni ohun tó ṣeé tún ṣe jù nínú gbogbo ẹ̀, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ jù nù. Mi ò mọ ìdí ẹ̀, bóyá nítorí pé òun ni ojú ń rí.

Kọ́kọ́ wá ìdè kan, kékeré ni, sukudiráfà ló ń yí i: òun ló ń mú iná dúró kí ó má sáré padà fúnra ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Tú u díẹ̀. Ẹni tó bá le é jù, iná á dà bí ẹni pé wáyà ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ òun nìkan ni ìṣòro iná tìrẹ.

Lẹ́yìn náà ṣí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Lo fóònù rẹ ya fọ́tò kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí sípíríìǹgì àti bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa fò jáde bí o kò bá ṣọ́ra. Òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ́ "kó" nígbà tí ọ̀pá bá dé fíríì. Tẹ́ ànkárá àtijọ́ sílẹ̀ kó má baà sọnù. Gíríìsì àtijọ́ á ti le bí àmàlà àná. Fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o wá fi gíríìsì ọkọ̀ omi sí i, kì í ṣe ti bẹ́ríǹ mọ́tò tí omi ń fọ̀ dànù. Wo àwọn bọ́ọ̀ṣì ike bóyá wọ́n ti là. Wo ìkọ́ tó wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀pá, èyí tí o ń fi ìka fà kó tó kúrò ní fíríì. Bó bá ń yọ̀ láìjẹ́ pé o fà á, má fi bẹ́ẹ̀ wọ omi, torí aṣọ èèyàn lásán lè kọ́ ọ̀pá lọ sínú jíà.

Ìgbà tí mo máa ń ní kí èèyàn ra bọ́ọ̀sì tuntun kò pọ̀: bí ara ẹ̀ bá ti là, bí eyín inú ẹ̀ bá ti jẹ, tàbí bí ṣíwíìṣì fíríì ò bá ṣiṣẹ́ tí a ò sì rí òmíràn rà. Ṣíwíìṣì yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá nígbà tó wà nínú jíà. Àwọn kan máa ń so wáyà iná mànàmáná ẹ̀ pọ̀ láti fo ó. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ, tú u.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, mo gbà, bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Má ra ti iléeṣẹ́ mìíràn nítorí pé ó rọrùn lówó. Ẹ́ńjìnnì kan ń fẹ́ kí wáyà tì kí iná tó ṣí, òmíràn ń fẹ́ kó fà. Bí o bá so wọ́n pọ̀ lódìlódì, o fẹ́ dín iná kù, ó ń pọ̀ sí i. Wáyà tòkunbọ̀ ní tèmi, rárá. O ò lè rí inú ẹ̀.

* * *

Lórí ti yíyọ sítíá dànù kí o lọ máa wà á lẹ́yìn: mi ò ní nǹkan kan sí ẹ́ńjìnnì ọlọ́wọ́. Òun ló pọ̀ jù lórí odò yìí, ọkọ̀ igi tó ń lọ sí Ṣíntákù lódìkejì odò fi ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ láṣálẹ́. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ bí ẹni pé ìnáwó kékeré ni, kó jọ̀ọ́. Ẹ́ńjìnnì tó wá pẹ̀lú sítíá kò ní ọwọ́ lára. Wàá ra ọwọ́ odindi, wàá ra ọ̀pá jíà ẹ̀gbẹ́ àti gbogbo ohun tó so ó mọ́ inú. Ọwọ́ náà ní wáyà iná tirẹ̀ nínú, ìyẹn náà ń gbó. Ọkọ̀ rẹ tí wọ́n ṣe fún awakọ̀ iwájú, wàá wá gbé ìwúwo rẹ sí ẹ̀yìn, imú ọkọ̀ á gbé sókè, orí àwọn èrò á sì bo ojú rẹ. Wáyà méjì ò náni tó ìyẹn.

* * *

"Wáyà kan tàbí méjì?" ni ó tún bi mí.

Méjì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọnú ọkọ̀, oòrùn kan náà ló pa wọ́n. Bí owó ò bá tó, ra ti jíà lónìí, ti iná ní oṣù tó ń bọ̀, kí o má jẹ́ kó kọjá ìyẹn.

Gígùn rẹ̀: wo ara wáyà àtijọ́, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i lára ní ẹsẹ̀ bàtà. Bó bá ti parẹ́, nà án sílẹ̀, wọ̀n ọ́n láti orí dé orí. Bí ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀ bá ká kò jù, má tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wáyà tó wà lọ́jà ni kò fẹ́ kí ìyíká ẹ̀ kéré ju ti bẹ́sìnnì tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 16 lọ. Gbé irú bẹ́sìnnì bẹ́ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ, kí o sì wò bóyá wáyà lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Fi ààyè sílẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì lè yí sọ́tùn-ún sósì, kó sì lè gbéra sókè láìfa wáyà. Èyí tó gùn díẹ̀ sàn ju èyí tó kúrú.

Bí o bá ń so ó: ọ̀pá ní fíríì, apá jíà ẹ̀yìn ní fíríì. Yí orí wáyà títí ihò ẹ̀ yóò fi bọ́ sórí pín fúnra ẹ̀. Bí o bá ní láti fi ipá tẹ̀ ẹ́, kò tíì bára mu. Orí yẹn gbọ́dọ̀ wọlé sára wáyà tó mìlímítà 8, ó kéré tán, kí o tó fi nọ́ọ̀tù dì í. Mo ti rí èyí tó fi èékánná kan ṣoṣo dúró. Fi kílíìpù sí i. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan lẹ́yìn kó máa yí pọpélà: ní fíríì, ó gbọ́dọ̀ yí fàlàlà níhà méjèèjì. Ki iwájú, ki ẹ̀yìn, kó di mú ṣinṣin. Bó bá di mú níhà kan tó sì ń fo níhà kejì, wáyà ò tíì gún. Bí o bá fi bẹ́ẹ̀ rìn, eyín jíà ni wàá fi san án, ìyẹn sì ni owó ńlá gan-an.

Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ dísù lẹ́ẹ̀kan tún ní jẹ́jẹ́ ni kéèyàn máa ki jíà kó lè pẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ibẹ̀ ni mo ti yà lọ́nà yín. Iná ni kó wà nílẹ̀. Jíà fúnra ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà ni, "kó!" Bí ẹ bá ń fà á jẹ́jẹ́, eyín á máa gbá orí ara wọn gbàgbàgbà, ètè wọn á máa yí, títí jíà fi máa ń fò jáde lórí iná.

* * *

Oníbéèrè: "Wáyà jíà ni lóòótọ́. Ròbá orí ẹ̀ ti là, omi pupa ni ó ń jò nígbà tí mo gbé e dìde. Ti iná, ìdè yẹn ni, mo tú u díẹ̀, ó sọ̀. Mo ra wáyà méjèèjì. Ìka kan ni mo fi ń ki jíà báyìí."

Ó ṣeun. Òkun o, àbúrò, inú mi dùn. So ọkọ̀ mọ́ èbúté, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú omi, ki jíà síwájú sẹ́yìn bí ogún ìgbà kí èrò kankan tó wọ̀ ọ́. Gbìyànjú láti dá ẹ́ńjìnnì nígbà tó wà nínú jíà. Kò gbọdọ̀ dá. Lẹ́yìn bí wákàtí 10 lórí omi, ṣí ìdérí, tún nọ́ọ̀tù méjèèjì àti kílíìpù wò.

Wáyà àtijọ́ yẹn, má fi sílẹ̀ ní èbúté. Gé e sí ọ̀nà mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má baà nù ún tún tà.